Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kẹ́ẹ Tó Tú U: Ìbéèrè Yín Lórí Ẹ́ńjìnnì Aláfẹ́fẹ́

Lẹ́tà tó wọlé lórí ẹ́ńjìnnì aláfẹ́fẹ́ lóṣù yìí pọ̀ gan, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tí ò ní rádíétọ̀, tí ò ní omi, tó jẹ́ pé fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára kó má baà jóná. Àwọn tó pọ̀ jù ń wa Volkswagen Beetle tá a mọ̀ sí ìjàpá, àwọn míì ń wa mọ́tò tí wọ́n ṣe ní àwòṣe ti àtijọ́, bọ́dì fáíbà lórí ṣaásì ìjàpá, ẹ́ńjìnnì ìjàpá lẹ́yìn. Mo mú mẹ́fà nínú ẹ̀. Nǹkan tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé owó ti lọ kí lẹ́tà tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù, wọ́n ti pààrọ̀ kábúrétọ̀, wọ́n ti ra kúlà tó ń mú ọ́ìlì tutù, ẹnikẹ́ni ò sì tíì wọn nǹkan kan, àyàfi ẹnì kan ṣoṣo tí lẹ́tà ẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò mi jẹ́ àwòṣe Porsche 356 Speedster, fáíbà ni bọ́dì ẹ̀, ẹ́ńjìnnì 1600 ti ìjàpá ló wà lẹ́yìn pẹ̀lú kábúrétọ̀ méjì. Tí mo bá ń wà á láàrin ìlú kò sí wàhálà kankan, ṣùgbọ́n tí mo bá bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀ tí mo sáré bí ogójì ìṣẹ́jú, géèjì ọ́ìlì á lọ bá 125 dìgírì. Mo ra ọ́ìlì kúlà tó tóbi, ó dín díẹ̀, ó tún padà. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, pé ká tú u. Ṣé ká tú u?

ÌDÁHÙN: Má tú u o, àbúrò mi, kò tíì tó àkókò. Ẹ́ńjìnnì tó bá ti gbó, èéfín búlúù á máa jáde, ọ́ìlì á máa dínkù, agbára ẹ̀ á ti relẹ̀, o ò sì sọ ìkankan nínú wọn fún mi. Ohun tó o sọ ni pé nínú ìlú ó dáa, lójú eré ó gbóná, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti ń tọ́ka sí ibì kan.

Ṣùgbọ́n géèjì gan-an ló kọ́kọ́ yẹ ká bi léèrè, torí mo ti rí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú pátá, tí ara ẹ̀ dá ṣáká nínú, tó wá jẹ́ pé géèjì ló ń purọ́. Yọ sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìgbóná ọ́ìlì, fi wáyà kan so ara irin ẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ti orí ẹ̀ bọnú omi tó ń hó, wáyà géèjì ṣì wà lórí ẹ̀, kó o ṣí kọ́kọ́rọ́ láìtan mọ́tò, kó o wo ibi tí abẹ́rẹ́ máa dúró. Omi tó ń hó ò ní kọjá 100. Tí géèjì bá ní 115, o ti mọ̀ pé 125 tó ń dẹ́rù bà ẹ́ kì í ṣe 125 tòótọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, bó o ṣe ń wa mọ́tò lọ, tan iná iwájú, tí abẹ́rẹ́ bá sún lójú ẹsẹ̀ bó o ṣe tan iná, wáyà earth, ìyẹn èyí tó ń dá iná padà sí bátìrì, ló burú, ooru kọ́. Fáíbà ò gbé iná bí irin ṣe ń gbé e, gbogbo géèjì àti gbogbo gílóòbù tó wà lórí bọ́dì yẹn ló yẹ kó ní wáyà earth tiẹ̀ tó lọ kan ṣaásì, ọ̀pọ̀ ẹni tó to mọ́tò yìí jọ ló sì máa ń gbàgbé ìyẹn.

Ká wá ní géèjì ń sọ òótọ́. Ọ́ìlì tó wà láàrin 80 sí 105, má dààmú ara ẹ, àmọ́ tó bá ń kọjá 120 lemọ́lemọ́, nǹkan kan ń fà á. Ohun tí mo fẹ́ kó o rò ni pé ibi tí ẹ́ńjìnnì yẹn wà báyìí kì í ṣe ilé ẹ̀. Speedster tòótọ́ jáde ní 1954, irin ni bọ́dì ẹ̀, 356 sì wà lórí igbá títí di 1965, àwọn tó ṣe é mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ìjàpá náà bẹ́ẹ̀, ihò wà lábẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn tí atẹ́gùn tútù ń gbà wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, rọ́bà kan wá yí páànù ẹ́ńjìnnì ká tó pààlà sáàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Òkè tutù, ìsàlẹ̀ gbóná. Fáànù á fa tútù lókè, á fẹ́ ẹ gba ara sílíńdà kọjá, ooru á bọ́ sísàlẹ̀ lọ bá ojú títì. Tí rọ́bà yẹn ò bá sí, tàbí tí ihò wà níbi tí wáyà àti họ́ọ̀sì gbà kọjá tí wọn ò dí, fáànù á máa fa ooru tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde padà sínú, á wá máa fi ooru tu ooru lára, kò sí ọ́ìlì kúlà tó lè gbà ẹ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ìdánwò kan ṣoṣo ni kó o kọ́kọ́ ṣe, kò ní ná ẹ ní nǹkan kan. Ojú ọ̀nà kan náà, eré kan náà, ogójì ìṣẹ́jú kan náà, lọ lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tó pa dé bó ṣe máa ń wà, kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ọjọ́ kejì kó o fi nǹkan kan gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì yẹn sókè díẹ̀, kó o dè é kó má já, kó o tún lọ. Tí ooru bá fi nǹkan gidi dínkù, ebi atẹ́gùn ló ń pa ẹ́ńjìnnì, ihò tó wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì kéré fún un. Nínú ìlú fáànù ò fa atẹ́gùn púpọ̀, ihò kékeré tó o, lójú eré ló ti ń béèrè púpọ̀ tí ò rí. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi ní ọ̀rọ̀ rẹ ti ń tọ́ka síbì kan.

Tí kò bá yàtọ̀, wọ abẹ́ mọ́tò. Àwọn páànù kéékèèké kan wà lábẹ́ sílíńdà tó ń darí atẹ́gùn kó gba àárín wọn, àwọn tó ń to ẹ́ńjìnnì jọ máa ń jù wọ́n nù torí wọn ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àwọn nǹkan pẹlẹbẹ yẹn ṣe pàtàkì ju kúlà tó o rà lọ. Wo ilé fáànù náà, ẹnu méjì kan wà lẹ́yìn ẹ̀ tí họ́ọ̀sì ooru inú mọ́tò máa ń wọ̀, tó ò bá lo họ́ọ̀sì yẹn, dí ẹnu méjèèjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn tó yẹ kó lọ bá sílíńdà á máa gba ibẹ̀ sá lọ. Àwọn abẹ́bẹ̀ kan wà nínú ilé fáànù yẹn tí tẹmọ́sítáàtì ń ṣí nígbà tí ooru bá tó bíi 65 sí 70 dìgírì, tí wọ́n bá ti yọ tẹmọ́sítáàtì kúrò tí abẹ́bẹ̀ wá há síbi tó pa dé, ìyẹn nìkan tó láti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Kó o sì wo inú ẹ̀ dáadáa pẹ̀lú iná, eku máa ń kọ́ ilé síbẹ̀, àkísà tí ẹnì kan gbàgbé sínú yàrá ẹ́ńjìnnì náà, fáànù á fà á mọ́ra, á dí ẹnu ẹ̀.

Ẹ̀yìn gbogbo ìyẹn ni kó o tó kan táímìnì, ìyẹn àkókò tí iná pọ́lọ́ọ̀gì ń fò. Tó bá jẹ́ dísítíríbútọ̀ 009 (dísítíríbútọ̀ ló ń pín iná fún àwọn pọ́lọ́ọ̀gì) ni wọ́n fi sí i, bó ṣe pọ̀ lára mọ́tò àwòṣe, má fi sílóò nìkan, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń rọra yí, sẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré kọjá ìgbà 3000 tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan, fi iná táímìnì wò ó, 28 sí 32 dìgírì ló yẹ kó o bá, dìgírì yíyí ẹ́ńjìnnì ni o, ti ooru kọ́. Tó o bá bá 38, ibi tí ooru ti ń wá nìyẹn. Yọ pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn eré, tí ẹnu wọn bá funfun bí ẹfun, epo tí kábúrétọ̀ ń fún un kéré jù, jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà nínú ẹ̀, ló yẹ kó o wò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, bí mo ṣe ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ iná pupa kan tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ti jẹnẹrétọ̀ ni, ti ọ́ìlì kọ́. Mọ́tò ṣì ń lọ dáadáa. Ẹnì kan ní bátìrì lásán ni kò gba iná mọ́, pé kí n máa wà á lọ. Kìlómítà mélòó ni mo lè wà á kí ń tó tún un ṣe?

ÌDÁHÙN: Kò sí kìlómítà kankan níbẹ̀. Páàkì lójú ẹsẹ̀ tí iná yẹn bá tàn, kó o pa ẹ́ńjìnnì.

Ẹni tó bá ẹ sọ̀rọ̀ ń ronú mọ́tò olómi. Nínú mọ́tò tìẹ, orí ọ̀pá kan náà ni jẹnẹrétọ̀ àti fáànù jókòó lé, bẹ́líìtì kan ṣoṣo ló ń yí wọn. Tí bẹ́líìtì bá já, iná pupa á tàn torí jẹnẹrétọ̀ ò yí mọ́, ní ìṣẹ́jú kan náà fáànù ti dúró, ẹ́ńjìnnì ti ń jó. Kò sì ní géèjì omi tó máa kìlọ̀ fún ẹ, mọ́tò á ṣì máa lọ dáadáa bó o ṣe sọ yẹn, títí tí ò fi ní lọ mọ́.

Ṣí ẹ̀yìn, wo bẹ́líìtì. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó ti rọ̀ tó ń yọ̀, o ti rí i. Fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín púlì méjèèjì, kó wọlé bíi mìlímítà 15, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Àwọn wáṣà tín-ín-rín wà láàárín abala méjì púlì òkè, tó o bá yọ ọ̀kan láàárín bẹ́líìtì á le sí i, èyí tó o yọ kó o kó o síta lábẹ́ nọ́ọ̀tì kó má baà sọnù. Tí bẹ́líìtì bá wà tó sì le dáadáa tí iná ṣì ń tàn, nígbà yẹn ni ọ̀rọ̀ bátìrì, jẹnẹrétọ̀ tàbí régúlétọ̀ wá wọlé, o lè fojúmọmọ wà á lọ sílé láìtan iná iwájú. Ìṣẹ́jú méjì ni wíwò yẹn máa gbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tó kù, ẹ máa gbé bẹ́líìtì kan àti sípánà 21 sínú mọ́tò, pẹ̀lú sukurudiráfà tẹ́ ẹ máa fi dá púlì dúró.

ÌBÉÈRÈ: Ìwọ ọmọ mi tó ń dáhùn ìbéèrè, mo kí ọ. Ìjàpá 1974 ni tèmi, ọwọ́ mi ló ti dàgbà. Bí mo bá tan án láàárọ̀, á lọ geere fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, lẹ́yìn náà á máa wúkọ́, á kú. Bí mo bá jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú, á tún tàn bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti pààrọ̀ pọ́ǹpù epo, wọ́n pààrọ̀ kábúrétọ̀ àti pọ́lọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bákan náà ló rí.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ ṣé, ẹ kú ìtọ́jú mọ́tò náà. Ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi ń jókòó tì í yẹn gan-an ló ń fi àìsàn náà pamọ́ fún yín, torí nígbà tí mẹkáníìkì bá máa dé, ara ẹ́ńjìnnì ti tutù, ohun tó ń ṣe é ti lọ. Ìgbà tó bá kú, nígbà tó ṣì gbóná, ni ká yẹ̀ ẹ́ wò. Nǹkan méjì ló lè jẹ́, bóyá iná pọ́lọ́ọ̀gì ni kò sí, tàbí epo ni kò dé, ìṣẹ́jú márùn-ún sì tó láti mọ èyí tó jẹ́.

Bó ṣe kú, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan míì, ẹ lọ ṣí ìdérí táǹkì epo, kẹ́ ẹ dẹtí sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí atẹ́gùn ń fọn wọlé bí ẹni ń mí èémí gígùn, tí mọ́tò sì tàn kété lẹ́yìn ẹ̀, họ́ọ̀sì tí táǹkì fi ń mí ló dí. Epo ń jáde, atẹ́gùn ò wọlé rọ́pò ẹ̀, títí pọ́ǹpù ò fi ní lè fa nǹkan kan mọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró fún ogún ìṣẹ́jú, atẹ́gùn á rọra wọ inú ẹ̀ padà, ẹ á rò pé torí pé ó tutù ló ṣe tàn.

Tí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ yọ ilé fílítà afẹ́fẹ́, kẹ́ ẹ wo ọ̀nà ọ̀fun kábúrétọ̀ láti òkè, ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ máa yí o, kẹ́ ẹ fọwọ́ fa apá tó ń fún un lépo. Tí epo bá tú jáde fíìn, epo wà nínú kábúrétọ̀, ẹ fi epo sílẹ̀, iná lẹ ń wá. Ẹ dá ilé fílítà padà sáyè ẹ̀ kó má sí epo tó ṣí sílẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé kò sí nǹkan tó jáde, ẹ tọ epo náà padà sẹ́yìn láti kábúrétọ̀ dé pọ́ǹpù, láti pọ́ǹpù dé táǹkì, pàápàá ibi tí páìpù epo bá ti sún mọ́ sàlẹ́ńsà tí ooru lè sọ epo inú ẹ̀ di èéfín.

Fún iná, ẹ lo tẹ́sítà. Lórí kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún pọ́lọ́ọ̀gì, nọ́ńbà wà lára àwọn orí wáyà, 15 ni iná ń gbà wọlé, 1 ló lọ bá kọ́ńtáàtì, àwọn irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú dísítíríbútọ̀, 4 ni wáyà nínípọn àárín. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fi tẹ́sítà kan 15. Tí kò bá tàn, kọ́ìlì ò jẹ̀bi, iná ò dé láti iwájú, ẹ wá wáyà tàbí ibi kọ́kọ́rọ́. Tó bá tàn, ẹ fi kan 1 kí ẹnì kan máa yí sítátà, ó yẹ kó máa ṣẹ́jú, tàn-kú, tàn-kú. Tí kò bá ṣẹ́jú, kọ́ńtáàtì ò ṣí tàbí kò pa dé mọ́, ẹ wọ̀n ọ́n, 0.4 mìlímítà ni àlàfo ẹ̀. Tó bá ń ṣẹ́jú tí iná ò sì fò láti wáyà 4 sára irin nígbà tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀mú onírọ́bà dì í mú síbẹ̀, ó ku kọ́ìlì àti kọ̀ńdẹ́ńsà, ohun kékeré ara dísítíríbútọ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹnu kọ́ńtáàtì jó.

Tèmi ni pé kọ̀ńdẹ́ńsà lẹ máa bá nídìí ẹ̀, Bàbá. Mi ò sọ pé ẹ lọ rà á kẹ́ ẹ tó ṣe ìdánwò yẹn o, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣàìsàn nìyẹn, á ṣiṣẹ́ ní tútù, á kọṣẹ́ tó bá gbóná, ẹnu kọ́ńtáàtì á ti jó dúdú. Kọ́ìlì náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ara ilé fáànù ni wọ́n gbé e kọ́ sí, ó sì máa ń gbóná. Láti yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ fi aṣọ tútù wé kọ́ìlì nígbà tó kú yẹn, tí iná bá padà wá láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì, kọ́ìlì ni. Tí kò bá padà, ẹ pààrọ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà.

Kábúrétọ̀ tí wọ́n yọ yẹn, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Mi ò rò pé ó ṣe nǹkan kan.

ÌBÉÈRÈ: Bọ̀dá, òórùn epo máa ń gbé inú mọ́tò mi tí mo bá páàkì tán, ní pàtàkì tí oòrùn bá mú. Kò jò sílẹ̀, mo ti wò ó. Ṣé bí mọ́tò àtijọ́ ṣe máa ń rí náà ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń rí. Ẹ má tan mọ́tò yẹn mọ́ títí ẹ máa fi rí ibi tí òórùn náà ti ń wá, mo ń bẹ̀ yín.

Ẹ́ńjìnnì yìí, mágníṣíọ̀mù tí wọ́n pò mọ́ nǹkan míì ni wọ́n fi ṣe ara ẹ̀. Tí epo bá gbiná lé e lórí tó jó débi tí mágníṣíọ̀mù fúnra ẹ̀ mú iná, omi tẹ́ ẹ bá dà sí i á tún mú kó gbiná sí i ni, tó bá wá jẹ́ bọ́dì fáíbà ló wà lórí ẹ̀, òun náà á jó. Mọ́tò irú ẹ̀ tó ti jóná kì í ṣe díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ họ́ọ̀sì epo tí ò tó ìka kan ló fà á.

Iwájú ni táǹkì wà, ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, epo rin gbogbo gígùn mọ́tò kó tó débẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti táǹkì. Ẹ tẹ gbogbo họ́ọ̀sì, ẹ ká a, tó bá ti le tàbí tó ń fàya, ẹ yọ ọ́. Àwọn tó ní aṣọ híhun lára, aṣọ yẹn máa ń bo ibi tó ti sán mọ́lẹ̀, ẹ má fojú ara ẹ̀ gbà á gbọ́, mo gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ pààrọ̀ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sí èyí tó lè fara da ẹ́tánọ́ọ̀lù tó wà nínú epo òde òní, kẹ́ ẹ fi kílíìpì dè é ní gbogbo ẹnu. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ mú páìpù báràsì kékeré tó wọ orí kábúrétọ̀, tí họ́ọ̀sì so mọ́, kẹ́ ẹ yí i díẹ̀. Wọ́n kàn tì í wọlé ni, tó bá ń mì lọ́wọ́ yín, ọjọ́ kan á fò jáde lójú eré, epo á máa tú lé orí dísítíríbútọ̀. Fílítà epo tí wọ́n gbé kọ́ sórí ẹ́ńjìnnì náà, ẹ gbé e kúrò, abẹ́ táǹkì ni kó wà, tàbí ìdí jíà bọ́ọ̀sì. Ẹ sì ra ohun ìpaná tó jẹ́ páúdà, kẹ́ ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ yín á ti tètè tó o.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tí mọ́tò mi bá gbóná tí mo pa á, kì í tàn mọ́, sítátà á kàn ṣe "kẹ́ẹ̀" lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tutù, á yí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ra sítátà. Bọ́dì fáíbà ni.

ÌDÁHÙN: Sítátà méjèèjì ṣeé ṣe kó máà ní àrùn kankan. Wáyà tó ń pàṣẹ fún un láti yí, láti bátìrì ló ti lọ síbi kọ́kọ́rọ́ níwájú, ó tún wá padà rìn dé ẹ̀yìn, iná tó kù lórí ẹ̀ nígbà tó bá fi máa débẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́, pàápàá tí orí wáyà bá ti dípẹtà. Fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹnu wáyà kékeré tó wọ sítátà, nọ́ńbà 50, kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́. Tó o bá bá 8 tàbí 9 fóòtì níbi tí bátìrì ní 12, o ti rí i, fi rílè kan, ìyẹn súíìsì tí iná kékeré fi ń ṣí iná ńlá, sí ìdí sítátà kó máa gba iná tààrà láti wáyà nínípọn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wo okùn earth tó so imú jíà bọ́ọ̀sì mọ́ ṣaásì. Rọ́bà ló gbé ẹ́ńjìnnì àti jíà dúró, okùn yẹn nìkan ni ọ̀nà tí iná sítátà ń gbà padà lọ sí bátìrì, tó bá ti já tàbí tí wọ́n to mọ́tò jọ tí wọn ò fi sí i, ohun tó ò ń rí yìí gan-an lo máa rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ojú lọ́nà. Bàbá mi ló fi ìjàpá náà sílẹ̀ fún mi, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tì í ṣí, mo sì máa ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé ẹ̀ bó ṣe ń ṣe. Fáàfù èéfín ti sílíńdà kẹta ló ń yà mí lẹ́nu. 0.15 mìlímítà ni mo fi sí àlàfo ẹ̀, lẹ́yìn 5000 kìlómítà mo bá 0.10. Mo dá a padà sí 0.15, lẹ́yìn 2000 mo bá 0.08. Mo tún dá a padà, lẹ́yìn 1000 péré mo bá 0.05. Àwọn méje tó kù ò sún. Mẹkáníìkì ní kí n má dààmú, pé tápẹ́ẹ̀tì tí ò pariwo ló dáa.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbé mọ́tò yẹn sílẹ̀. Má tún un sẹ́ẹ̀tì, má wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì pàápàá, jẹ́ kí wọ́n fà á lọ.

Tápẹ́ẹ̀tì tó ń pariwo, àlàfo ẹ̀ ló fẹ̀, ó ń bini nínú ṣùgbọ́n kì í tètè pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà míì gan-an kì í ṣe tápẹ́ẹ̀tì, sàlẹ́ńsà tó ń jò níbi gásikẹ́ẹ̀tì máa ń ṣe "tíkì tíkì" bákan náà, ẹni tó bá fi ẹnu họ́ọ̀sì kan síbẹ̀ tó fi ẹnu kejì sétí á mọ ibi tó ti ń wá. Èyí tó bá dákẹ́ torí pé àlàfo ẹ̀ ń dínkù ni ká bẹ̀rù. Àlàfo ò lè dínkù fúnra ẹ̀ láìnídìí, bóyá ìjókòó fáàfù ló ń rì wọ inú sílíńdà ẹ́ẹ̀dì, tàbí ọrùn fáàfù ló ń gùn, ó ń fà bí rọ́bà lábẹ́ ooru, ó ń tín-ín-rín. Tí àlàfo bá tán pátá, fáàfù ò ní pa dé mọ́, iná á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde, á jó o. Tó bá sì jẹ́ ọrùn ló ń gùn, lọ́jọ́ kan orí ẹ̀ á já bọ́ sínú sílíńdà, písítìnì á gbá a, ohun tó kù lẹ́yìn ẹ̀ kò ṣeé tún ṣe. Wo nọ́ńbà tìẹ: 0.05 lọ nínú 5000, 0.07 lọ nínú 2000, 0.10 lọ nínú 1000. Ó ń yára sí i. Àwọn méje tó kù ò sún, ìyẹn jẹ́ kí n mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ò ṣàṣìṣe, o ń wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù bó ṣe yẹ.

Kì í ṣe èèṣì pé sílíńdà kẹta ni. Nínú àwọn ìjàpá tó ṣáájú mọ́dẹ́ẹ̀lì 1971, inú ilé fáànù ni ọ́ìlì kúlà dúró sí, lókè sílíńdà ẹ̀gbẹ́ yẹn gẹ́lẹ́, ó ń dí atẹ́gùn lọ́wọ́, sílíńdà kẹta ló sì máa ń jìyà ẹ̀ jù. Nígbà tó yá Volkswagen gbé kúlà náà jáde sínú ilé kékeré tiẹ̀ lẹ́yìn. Tí tìẹ bá jẹ́ ti àtijọ́, jẹ́ kí wọ́n yọ kúlà yẹn síta tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà nílẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ dáadáa, eruku tó pò mọ́ ọ́ìlì máa ń dí àárín ẹ̀ bí ẹrẹ̀.

Sílíńdà ẹ́ẹ̀dì òsì gbọ́dọ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, dúró tì wọ́n. Sọ pé kí wọ́n yọ fáàfù èéfín kẹta, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáàfù tuntun lórí nǹkan tó tẹ́jú. Tí gígùn bá yàtọ̀, ọrùn ló ń fà, tí gígùn bá dọ́gba, ìjókòó ẹ̀ ni kí wọ́n wò. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, fáàfù èéfín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kó o pààrọ̀ lápá méjèèjì, má gbà kí wọ́n dá ẹyọ kan padà sínú ẹ̀, ooru kan náà ni gbogbo wọn ti jẹ. Kọ gígùn ti àtijọ́ àti ti tuntun sábẹ́ 0.05 yẹn nínú ìwé bàbá rẹ, kó o sì fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ mọ̀.